Ẹ má tíì ra bátìrì kejì, ebi ló ń pa èyí tí ẹ ní

Ìbéèrè yìí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. A gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Under G ni mò ń gbé, inú ilé náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tẹ iṣẹ́ wọn, tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní dẹ́sítọ́ọ̀pù kan, láptọ́ọ̀pù kan, ráútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bá mi ṣe sólà: ínfátà 1 kVA, bátìrì tubular 220 Ah kan, pánẹ́ẹ̀lì 300 W kan àti kọntiróólà PWM 30 A. Nígbà tó ṣì tuntun, ó máa ń gbé mi di òru. Ní báyìí, kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, ínfátà á ti máa ké, dẹ́sítọ́ọ̀pù á sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Oníṣẹ́ tó ṣe é ní kí n ra bátìrì kejì ká so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Ṣé kí n rà á?"

Ọmọ Ajílété, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lórí bátìrì. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, bátìrì 220 Ah kan tó iṣẹ́ yín í ṣe. Oúnjẹ ni kò rí jẹ. Ohun tí pánẹ́ẹ̀lì ń bù sínú rẹ̀ lójúmọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹ ń bù jáde. Tí ẹ bá wá so bátìrì kejì mọ́ ọn, ẹnu méjì ni yóò máa pín oúnjẹ tí kò yó ẹnu kan.

Olùkọ́ ìṣirò ni yín, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé. W tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ni bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yára mu iná tó. Wh ni àpapọ̀ iná tó mu. Ẹ̀rọ 10 W tí kò sinmi fún wákàtí 24 ti mu 240 Wh, èyí sì ju ti ẹ̀rọ 100 W tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2 péré lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ohun ńlá ni wọ́n ń ṣọ́, ohun kékeré tí kì í sùn ló ń jẹ wọ́n.

Ẹ kò kọ iye wákàtí sí i, nítorí náà a wo irú iṣẹ́ yín, a sì fojú díwọ̀n rẹ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tòun ti mọ́nítọ̀ rẹ̀, máa ń mu bí 110 W. Fún wákàtí 5, ó di 550 Wh. Láptọ́ọ̀pù, 40 W fún wákàtí 6, 240 Wh. Ráútà, 10 W tọ̀sán-tòru, 240 Wh. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo yíńkì olómi kò ju 20 W lọ nígbà tó bá ń tẹ̀, ẹ ka tirẹ̀ sí 10 Wh. Ó wá ku ẹnì kan tí kò sí nínú ìwé yín: ínfátà fúnra rẹ̀. Bí kò tilẹ̀ gbé nǹkan kan, ínfátà 1 kVA tó wà ní títàn ń mu bí 15 W láti fi wà láàyè. Ọ̀sán àti òru, ó di 360 Wh. Ìyẹn ju ti ráútà lọ, ó ju ti láptọ́ọ̀pù lọ. Ó tún ń sọ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ń gbé fún kọ̀ǹpútà di ooru. Ẹ fi 100 Wh kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,500 Wh lójúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ tiyín gan-an, ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń ka W àti Wh, kí ẹ kì í bọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu fún odindi ọjọ́ kan.

Ẹ wá wo bátìrì. Ah ni áńpù lọ́nà wákàtí. 220 Ah lọ́nà 12 V jẹ́ 2,640 Wh. Bátìrì olómi, irú tubular yín yìí, kì í fẹ́ kí á bù ju ìdajì lọ kí ó lè pẹ́, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1,320 Wh. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ohun tí ẹ ń bù nínú rẹ̀ kò ju 800 Wh lọ, torí pé ọ̀sán ni púpọ̀ nínú 1,500 yẹn. Bátìrì tó bá yó lọ́sàn-án yóò gbé yín dé òwúrọ̀, yóò sì ṣẹ́kù.

Ìṣòro wà lórí òrùlé. Ẹ rán ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lórí àkàsọ̀ kó lọ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì yẹn. Pánẹ́ẹ̀lì 300 W sábà máa ń ní Vmp (fólítì rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó) tó tó 32 V sí 37 V, pẹ̀lú Imp (áńpù rẹ̀ nígbà náà) tó lé ní 8 A. Ká ní tiyín jẹ́ 37 V àti 8.1 A: ẹ fi wọ́n di púpọ̀ ara wọn, ẹ ó rí 300 W. Ṣùgbọ́n kọntiróólà PWM kò mọ̀ ju pé kó so pánẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ bátìrì, kó sì já a nígbà tí bátìrì bá yó. Nígbà tí méjèèjì bá ti so pọ̀, bátìrì á fa pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí bí 13 V tirẹ̀. 8.1 A yẹn kò yí padà. 13 V lọ́nà 8.1 A jẹ́ 105 W. Ìdá méjì nínú mẹ́ta pánẹ́ẹ̀lì tí ẹ fowó rà kò dé inú ilé rárá. Ó kàn ń di ooru lórí páànù. Ńṣe ló dà bí ẹni ń da omi láti inú bááfù sínú ìgò láìlo àrọ.

Tí oòrùn bá dára ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lè ka bí wákàtí 4 ààbọ̀ oòrùn tó mú ṣáṣá sí ọjọ́ kan. 8.1 A fún wákàtí 4 ààbọ̀ jẹ́ bí 36 Ah, tàbí 470 Wh. 470 ń wọlé, 1,500 ń jáde. Iná ìjọba tó ń dé díẹ̀díẹ̀ ló ń bá yín dí àlàfo yẹn, nípasẹ̀ ṣáájà tó wà nínú ínfátà. Ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi dára ní ìbẹ̀rẹ̀: bátìrì dé ilé ní yíyó, iná sì ń ràn án lọ́wọ́. Ọjọ́ tí iná ò bá wá, ẹ ń jẹ nínú ìpamọ́. Bó ṣe ń pẹ́ tí bátìrì ò yó, èérún funfun kan ń dì sára páálí òjé inú rẹ̀, ó ń le síi bí iyọ̀ tó gbẹ sídìí ìkòkò, kì í sì tètè tú mọ́. Bátìrì tó jẹ́ 220 Ah lórí bébà lè máa ṣe bíi 120 Ah lẹ́yìn ọdún kan irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. A ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. A máa sọ bí ẹ ó ṣe gbìyànjú láti jí i padà.

Tí Vmp tí ẹ bá kà bá jẹ́ 17 V tàbí 18 V, á jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì méjì kéékèèké ni wọ́n so pọ̀ tí wọ́n pè ní 300 W, PWM kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Nígbà náà, òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, a máa débẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣe ìdánwò kan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mítà oníka méjì tí àwọn oníná ń lò ni ẹ ó wá. Ẹ gbé e sí DC 20 V. Ẹ tan dẹ́sítọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù àti ráútà ní alẹ́, kí oòrùn má sí níbẹ̀. Ẹ fi ẹnu mítà kan orí òjé bátìrì gan-an, ẹ má fi kan irin tó wà lẹ́nu wáyà. Ẹ kọ ohun tó kà sílẹ̀. Ẹ wá fi kan ojú ibi tí wáyà ti wọ ínfátà. Tí ti bátìrì bá jẹ́ 12.1 V, tí ti ínfátà sì jẹ́ 11.7 V, wáyà ti gba 0.4 V lójú ọ̀nà. Ínfátà kò mọ̀ pé bátìrì ṣì ní nǹkan nínú. Ohun tó dé ẹnu rẹ̀ ló fi ń ké. Ìyàtọ̀ tí ó bá kọjá 0.2 V kò dára.

Ohun tí a sábà ń bá níbẹ̀ ni wáyà 6 mm² tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ tábìlì gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mítà 3 lọ, mítà 3 bọ̀. Tí áńpù 16 bá ń gba inú rẹ̀, ó ń sọ bí 0.28 V nù. Wáyà 25 mm² tí kò ju mítà 1 ààbọ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní sọ tó 0.04 V nù. Nítorí náà, ẹ gbé ínfátà súnmọ́ bátìrì, ẹ má gbé bátìrì súnmọ́ kọ̀ǹpútà. Iná 220 V ló yẹ kó rin ìrìn àjò, 12 V kò lágbára ìrìn. Ẹ tún wo orí bátìrì bóyá nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé ti hù síbẹ̀ bí ìdọ̀tí. Ẹ pa ínfátà, ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná tí ẹ po baking soda mọ́ fọ̀ ọ́, kí omi náà má kán wọ inú ihò bátìrì. Ẹ gbẹ ẹ́, ẹ dì í le dáadáa, kí ẹ wá fi gíríìsì tàbí fasilíìnì pa á lójú. Nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ díẹ̀ ń gbóná, ó sì ti jó ilé ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ fíúsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ àpatì. Tí wáyà bátìrì bá fẹnu kan ara wọn, bátìrì 220 Ah lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù sórí wọn, wáyà á pupa kí ẹ tó dìde. Fíúsì DC 100 A kan gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pọ́sítíìfù 25 mm² yẹn, kó má jìnnà sí bátìrì ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Fún wáyà pánẹ́ẹ̀lì, bùréékà tí wọ́n kọ DC sí lára ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fi bùréékà AC inú ilé síbẹ̀ torí pé ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Iná AC máa ń dé òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń pa iná tó bá fò láàárín ẹnu bùréékà. Iná DC kì í dé òdo. Tí ẹ bá pa bùréékà AC nígbà tí oòrùn mú, iná lè máa jó lọ láàárín ẹnu rẹ̀ títí ike rẹ̀ á fi yọ́.

Ohun tí ẹ ó rà nìyí, bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni kọntiróólà MPPT 40 A. Òun ni àrọ tí a ń wí. Ó ń jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì dúró sí 37 V tirẹ̀, á wá sọ fólítì tó lé di áńpù fún bátìrì. Pánẹ́ẹ̀lì kan náà, láìfi nǹkan kan kún un, á bọ́ láti 470 Wh sí bí 1,000 Wh lójúmọ́. A ti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú ìyẹn fún ooru, eruku àti wáyà. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o: àwọn kọntiróólà kan wà tí wọ́n kọ MPPT sí lójú, PWM ni wọ́n nínú. Èyí tó fúyẹ́ bí ìwé àjákọ, tí kò ní irin títóbi lẹ́yìn tó ń fẹ́ ooru dànù, kò lè jẹ́ MPPT 40 A. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ní ọ̀sán gangan, nígbà tí bátìrì ò tíì yó, ẹ wọn fólítì níbi tí wáyà pánẹ́ẹ̀lì ti wọlé. Tó bá ń kà bí 33 V sí 37 V, MPPT ni. Tó bá ń kà 13 V tàbí 14 V bíi ti bátìrì, wọ́n ti tà yín.

Èkejì ni pánẹ́ẹ̀lì 300 W míràn, tí Vmp rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu tàbí tó súnmọ́ ọn gidigidi. 600 W yóò mú bí 2,000 Wh wá lọ́jọ́ tí oòrùn dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ọjọ́ tó dára ni a ṣe ní kí ẹ rà á. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni, nígbà tí sánmà Ògbómọ̀ṣọ́ á ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta léra, tí oòrùn á dín sí bí wákàtí 3. Lásìkò náà, pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì á ṣì mú bí 1,350 Wh wá. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ lọ ní ọ̀sán, kí wọ́n gbé e sínú oòrùn, kí ẹ wọn Voc rẹ̀ (fólítì rẹ̀ nígbà tí kò so mọ́ nǹkan kan) àti Isc rẹ̀ (áńpù rẹ̀ nígbà tí pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù rẹ̀ bá kan ara wọn) pẹ̀lú mítà yín. Voc gbọ́dọ̀ súnmọ́ ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín, ìlà kan ti kú nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ so pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì lọ́nà tí pọ́sítíìfù á fi wà pẹ̀lú pọ́sítíìfù, tí nẹ́gátíìfù á sì wà pẹ̀lú nẹ́gátíìfù. Tí ẹ bá so wọ́n lẹ́yìn ara wọn, Voc wọn á di 90 V, á tún fi díẹ̀ lọ sókè ní òwúrọ̀ ọyẹ́ nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá tutù. Kọntiróólà tí wọ́n kọ 60 V sí lára á jóná lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ẹ bá ń so ó, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọntiróólà kí ó lè mọ̀ pé ilé 12 V ni òun wà, pánẹ́ẹ̀lì á wá tẹ̀lé e. Tí ẹ bá ń tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ kúrò. Ẹ yàn án sí bátìrì olómi nínú ètò rẹ̀, kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe lítíọ́ọ̀mù: 14.4 V títí dé 14.8 V gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára bátìrì, àti bí 13.6 V nígbà tó bá ti yó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ibi tí pánẹ́ẹ̀lì máa kọjú sí dà yín láàmú. Ìlà wa súnmọ́ àárín ayé. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní bí ìwọ̀n 8 sí àríwá. Pánẹ́ẹ̀lì tó bá dagun díẹ̀, bí ìwọ̀n 10 sí 15, tó kọjú sí gúúsù, ló dára jù. Kọ́ńpáàsì orí fóònù ni kí ẹ fi wò ó, torí ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí ọ̀pọ̀ ń nà sí ti yà sí apá ìwọ̀ oòrùn. Tí òrùlé yín ò bá sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ó pàdánù kò pọ̀. Ohun tó burú ni òjìji. Ẹ̀ka igi máńgòrò, ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n, tánkì omi aládùúgbò: òjìji tí kò fẹ̀ ju ọwọ́ lọ tó bá bo ìlà kan lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta pánẹ́ẹ̀lì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé inú ìlà náà ni iná gbogbo ń gbà kọjá bí omi inú páìpù. Ẹ jókòó níta ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀sán gangan, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí òjìji ń rìn dé. Èyí ni a ní lọ́kàn níṣàájú fún ẹni tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ kéékèèké. Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku pupa ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí bá ti bo gbogbo nǹkan, ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní ìdájí nígbà tó ṣì tutù. Omi tútù lórí dígí tó ti gbóná lọ́sàn-án lè là á.

Ọ̀rọ̀ ráútà àti òru la fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni èrè tí kò náni lówó púpọ̀ wà. Ẹ wo ṣáájà ráútà yín: 12 V ni wọ́n kọ sí i, 1 A tàbí 1.5 A. Bátìrì yín náà jẹ́ 12 V. Síbẹ̀ ínfátà ń gbé 12 V yẹn lọ sí 220 V, ṣáájà ráútà á tún dá a padà sí 12 V, a sì ń san owó oríta ní àlọ àti àbọ̀. Láti fi ráútà 10 W ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ ń jẹ́ kí ínfátà 15 W jókòó tì í.

Ẹ ra kọ́ńfátà DC tó lè gba 9 V títí dé 20 V, tí 12 V gééré sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, 3 A. Kì í ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ẹ má so ráútà mọ́ bátìrì ní tààrà o: bátìrì ń gun 14.4 V lọ́sàn-án, ó sì ń bọ́ sí 11.8 V lóru, ráútà míràn kò lè fara da ti òkè, òmíràn á máa kú jí pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. Ojú kọntiróólà ni kí ẹ ti mú iná rẹ̀, níbi tí wọ́n ya gílóòbù kékeré sí, kí ẹ fi fíúsì 3 A sí i lọ́nà. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ibẹ̀ máa pa ara rẹ̀ ní 11.8 V, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ bí 11.1 V, ó ti jìn jù fún bátìrì òjé.

Láptọ́ọ̀pù náà lè bá a lọ. Tó bá jẹ́ èyí tó ń gba iná láti ẹnu USB-C, ṣáájà ọkọ̀ 65 W tó dára ti tó. Tó bá jẹ́ ẹnu róbótó 19 V, ẹ ra ṣáájà ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ẹnu wọn tó ń bá ṣáájà sọ̀rọ̀. Tí kò bá gbọ́ èsì, láptọ́ọ̀pù á tàn ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kò ní gbaná. Ìlà tirẹ̀ fẹ́ fíúsì 10 A, láti bátìrì wá.

Bí ráútà àti láptọ́ọ̀pù bá ti kúrò lórí ínfátà, ẹ lè fi láptọ́ọ̀pù kọ́ àwọn ọmọ lálẹ́, kí ínfátà sì wà ní pípa pátápátá. Ẹ pa á láti ara bọ́tìnì rẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ kàn yọ dẹ́sítọ́ọ̀pù kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá ń sinmi fún wákàtí 14 lójúmọ́, ẹ ti gba 210 Wh padà láìra pánẹ́ẹ̀lì kankan.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń kú lójijì lè ní ìdí kejì. Ẹ wo ẹ̀yìn ínfátà: bọ́tìnì kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ní ojú méjì, UPS àti òmíràn tí wọ́n ń pè ní NORMAL tàbí WIDE. Ojú UPS ni kó wà, kí ínfátà lè yí láti iná ìjọba sí bátìrì láàárín bí ìdá ẹgbẹ̀rún 10 sí 20 ìṣẹ́jú àáyá. Ní ojú kejì, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, dẹ́sítọ́ọ̀pù kò sì ní bátìrì tirẹ̀ tí yóò fi dúró dè é. Ẹ máa lo dẹ́sítọ́ọ̀pù láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì lè gbé e láìfọwọ́ kan bátìrì. Títẹ̀ gbogbo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde náà, ìgbà yẹn ni. Tí wọ́n bá sì rọ̀ yín kí ẹ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà, ẹ mọ̀ pé nígbà tó bá ń gbóná, ó lè gba 800 W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ínfátà 1 kVA á ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti bátìrì tí ebi ti pa fún ọdún kan: ẹ ṣí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí sìgá tàbí àtùpà má sí nítòsí, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè bú gbàmù. Ẹ fi omi bátìrì kún un dé àmì, èyí tí wọ́n ń tà nínú ike fún bátìrì. Omi kànga, omi ẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá ní iyọ̀ tó ń pa á. Ẹ má fi ásíìdì kún un. Tí ẹ bá ti gbé MPPT àti pánẹ́ẹ̀lì kejì sí i, ẹ jẹ́ kó yó dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta léra láìlò ó lóru. Lẹ́yìn náà, kí kọntiróólà fún un ní iná àkànṣe tí wọ́n ń pè ní equalization, tó ń gun bí 15 V, fún wákàtí kan tàbí méjì, tí ìwé bátìrì bá gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ń gba iná DC, títí kan ráútà, kó ti kúrò lára rẹ̀ nígbà náà. Bátìrì á máa hó. Iná tó ga yẹn ló ń tú èérún náà díẹ̀díẹ̀, ìhó náà sì ń po ásíìdì inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi háídírómítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ásíìdì ṣe ki tó, wọn ihò kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kejì. Tí ihò kan bá fi 0.030 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ihò yẹn ń kú lọ, á sì fa márùn-ún yòókù mọ́ra.

Ohun kan náà ni bátìrì tuntun tí wọ́n ní kí ẹ so mọ́ ògbólógbòó yóò bá pàdé. Ti àtijọ́ á máa mu iná ti tuntun ní gbogbo òru, àwọn méjèèjì á sì kú ní ìdajì ọjọ́ orí tó yẹ kí tuntun lò. Lọ́jọ́ tí èyí bá kú, ẹ ra lítíọ́ọ̀mù LiFePO4 100 Ah kan dípò rẹ̀, òun nìkan, ẹ má so ó mọ́ òjé. 1,280 Wh ló wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè lo bí 1,000 nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹ gbé e wò kí ẹ tó sanwó: ojúlówó rẹ̀ máa ń wọn bíi 10 sí 12 kg. Tó bá wọn 6 kg, wọ́n ti kó sẹ́ẹ̀lì ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù sínú rẹ̀, tàbí kó má tó 100 Ah rárá.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, ẹ máa wọn bátìrì ní ìdájí kí oòrùn tó yọ, fún ọjọ́ méje, pẹ̀lú ráútà nìkan lára rẹ̀. 12.4 V àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: ara rẹ̀ ti yá. 12.1 V sí 12.3 V: ó ń gbé yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan míràn kún un. Tó bá ń wà nísàlẹ̀ 12 V lójoojúmọ́ bó tilẹ̀ ń yó ní gbogbo ọ̀sán, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi iye bátìrì ní Tákíé.